Orí Kẹrin: Bí Ilẹ̀ Tí A Ó Tú Ṣe Yẹ Kó Jìn Tó

Bí katakata bá dé oko, ohun àkọ́kọ́ tí awakọ̀ máa ń bi olóko ni pé éékà mélòó ni. Bí wọ́n bá ti dúnàádúrà tán, yóò gbé irin ìtúlẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe gbé e sílẹ̀ ní oko tó ti ń bọ̀, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè bí irin náà yóò ṣe wọlẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 10 péré lè sọ bóyá àgbàdo yóò dúró digbí tàbí yóò rọ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró lóṣù kẹjọ.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló gbà pé bí irin bá ṣe wọlẹ̀ tó ni owó àwọn ṣe jẹ́ owó. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, àti ohun tí a fẹ́ gbìn sí i, ló yẹ kó pàṣẹ ibi tí irin yóò dé. Lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí à ń ro láti Ìbàdàn dé Ìwó, títí dé Ọ̀yọ́ àti Ìṣẹ́yìn, irin tiwa ti ń wọlẹ̀ jù.

Ẹ gbẹ́ kòtò kí ẹ tó pe katakata

Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Ẹ mú ṣọ́bìrì, ọ̀bẹ, àti igi tí ẹ ti fàlà sí lára ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún-márùn-ún. Ẹni tí kò ní rúlà lè fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n: ìka mẹ́rin àgbàlagbà tí a tò pọ̀, láìka àtàǹpàkò, fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Kòtò mẹ́ta ni kí ẹ gbẹ́: ọ̀kan lórí òkè, ọ̀kan ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀kan nísàlẹ̀ níbi tí omi ń dà sí, nítorí ilẹ̀ oko kan náà kì í rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kó jìn kọjá orúnkún, kó sì fẹ̀ tó ibi tí ènìyàn lè lóṣòó sí. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń tàn sí títí tí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́.

Èrùpẹ̀ òkè á dúdú, á fúyẹ́, gbòǹgbò koríko á kún inú rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko sí fún ọdún púpọ̀, dúdú yìí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 lọ. Èrùpẹ̀ oníyanrìn tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí díẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó kan taraa, nígbà mìíràn ní sẹ̀ǹtímítà 25 tàbí 30, abẹ́ taraa ni ilẹ̀pa pupa tó ní amọ̀ wà. Smyth àti Montgomery, tí ìwé wọn lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà jáde ní 1962, fi orúkọ ìlú wa sọ àwọn oríṣi ilẹ̀ yìí: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Oǹdó, Ìtagunmódì. Ilẹ̀ tí wọ́n pè ní Ìwó wá láti ara òkúta oníhóró ńlá, yanrìn sì pọ̀ lókè rẹ̀. Ti Ìtagunmódì pọ́n, amọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì jinlẹ̀. Ẹni tó bá gbé irin kan náà sílẹ̀ bákan náà lórí ilẹ̀ méjèèjì kò tíì wo ilẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá ti mọ ibi tí àwọ̀ ti yí padà, ẹ wá gbòǹgbò. Ibi tí wọ́n ti pọ̀, ibi tí wọ́n ti dín kù, àti ní pàtàkì ibi tí wọ́n ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń rìn gbọọrọ bí ẹni pé wọ́n kan ògiri. Ẹ fi àlà igi yín wọn ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí awakọ̀ katakata lè sọ fún yín lọ.

Ohun tí gbòǹgbò ń bá pàdé

Gbòǹgbò kì í dédé lu ilẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ ń wá àlàfo ni: ihò ekòló, ojú ọ̀nà gbòǹgbò ọdún tó kọjá tó ti jẹrà, ibi tí èrùpẹ̀ ti sán. Bí àlàfo bá kéré jù ú lọ, kò lè tín-ín-rín kó lè gba ibẹ̀ kọjá. Àfi kó ti èrùpẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti wọn ibi tí agbára yìí ń pin sí. Bí ilẹ̀ bá le débi pé ohun tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi agbára bíi kílò 20 tì í lórí ojú tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó, gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn kò ní lè lọ mọ́. Kò ní kú. Á ki, á kúrú, á yà.

Líle yìí kì í dúró sójú kan. Ilẹ̀ tútù a máa rọ̀, bó bá gbẹ, á le. Nítorí náà ibi tí gbòǹgbò rí gbà kọjá lóṣù kẹfà lè dí pa lóṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá sinmi, tí omi ń sá lọ sísàlẹ̀, tó sì yẹ kí gbòǹgbò máa sá tẹ̀ lé e. Omi wà níbẹ̀ o, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sísàlẹ̀, àgbàdo ń rọ lórí rẹ̀. Bí òjò bá tún wá dé lóṣù kẹsàn-án tó rọ̀ gidi, ìpele líle yẹn kan náà á dá omi dúró lókè, gbòǹgbò ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, ewé á pọ́n. Olóko á ní ajílẹ̀ ló dín, á sì lọ ra àpò mìíràn.

Ìtúlẹ̀ ń ṣe gbòǹgbò lóore nígbà tó bá tú irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìdènà kò bá sí, kò sí ohun tí irin ń bá gbòǹgbò ṣe níbẹ̀.

Bí irin bá wọlẹ̀ jù

Àpótí èrùpẹ̀ tó jẹ́ mítà kan lọ́nà gbogbo wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1.3 bí ilẹ̀ bá rọ̀. Bí ẹ bá tú hẹ́kítà kan dé sẹ̀ǹtímítà 25, èrùpẹ̀ tí ẹ yí padà ti lé ní tọ́ọ̀nù 3,000. Dísù tó jó nídìí rẹ̀ wà nínú owó tí ẹ san. Èyí kò dùn mí tó ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èrùpẹ̀ dúdú. Ká sọ pé dúdú yín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, tí irin wọlẹ̀ dé 25. Ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tí ẹ ó fi gbin àgbàdo ti di èrùpẹ̀ ìsàlẹ̀ tí kò ní ọ̀rá, tí kòkòrò wẹ́wẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Bí irin bá tún lọ kan taraa, òkúta á jáde sójú ilẹ̀, irúgbìn á sì máa bọ́ sáàárín wọn.

Oòrùn tún ń bẹ lẹ́yìn. Irin tó ń yí ilẹ̀ dojú dé pátápátá wá láti ilẹ̀ olótùútù, níbi tí àgbẹ̀ ti ń fẹ́ kí ilẹ̀ tètè gbẹ, kó sì tètè gbóná lẹ́yìn yìnyín kí irúgbìn lè hù. Ta ló ní ìṣòro yẹn ní Ìṣẹ́yìn? Ilẹ̀ tiwa tí a tú tí a kò bò, oòrùn ọ̀sán lè mú kí inú rẹ̀ gbóná ju 40 °C lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5, ibi tí a gbin hóró àgbàdo sí gan-an. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí kì í fẹ́ kó kọjá bíi 35. Òjò ńlá tó bá sì bá èrùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú lórí ìdúró á fọ́ ọ, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, bó bá gbẹ, ojú ilẹ̀ á dì pa. Omi òjò tó tẹ̀ lé e á sáré lọ dípò kó rì.

Ìbàdàn gan-an ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan lára àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Íńdíà, dé IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, ní 1970, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ó pín ilẹ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oríṣiríṣi, ó ń gba omi tó ń ṣàn kúrò lórí ìkọ̀ọ̀kan, ó ń wọn omi náà àti èrùpẹ̀ tó bá a lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n tú tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ń bá àgbàrá lọ. Èyí tí wọ́n gbin àgbàdo sí láìtú, tí pòròpórò ọdún tó kọjá ṣì bò ó, èrùpẹ̀ tó ń kúrò lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ekòló pọ̀ sí i níbi tí a kò tú, ihò wọn sì ń di ọ̀nà fún omi àti gbòǹgbò, láìsí ẹni tó san owó dísù. Ní 2020 ni wọ́n fún Lal ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé nítorí iṣẹ́ tó ti ṣe lórí ilẹ̀.

Ẹ má tìtorí èyí sọ irin nù. Àìtúlẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ohun tó bo ilẹ̀. Bí àwọn darandaran bá ti fi màlúù jẹ pòròpórò tán, tàbí tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti gbá a, ẹ kò ní ohun tí ẹ ó fi ṣe é. Bákan náà, ilẹ̀ tí katapílà fi irin ńlá ha igbó orí rẹ̀ kúrò ti dì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbin ni láti sọ fún ẹni tó ni ín pé kó má tú u. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ekòló gan-an ò ní tètè padà wá.

Ìpele líle tí a fọwọ́ ara wa ṣe

Bí katakata bá ń túlẹ̀, táyà apá kan rẹ̀ máa ń rìn nínú aporo tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ ń tẹ ìsàlẹ̀ tí irin kò dé, ọdọọdún, ní ìjìn kan náà. Irin fúnra rẹ̀ tún ń ra ibẹ̀ bó ṣe ń kọjá, pàápàá bí ilẹ̀ bá tutù. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, abẹ́ èrùpẹ̀ rírọ̀ á di ìpele kan tó nípọn tó ìka mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ha á nínú kòtò, ojú rẹ̀ a máa dán bí ilẹ̀ yàrá àtijọ́ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pa. Gbòǹgbò àgbàdo tó bá kàn án á tẹ́ rẹrẹ sórí rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó wà lóko yín, ẹ ra irin rọ́ọ̀dù tí bíríkìlà ń lò, èyí tó nípọn tó mílímítà 10, kó gùn tó mítà kan. Kí alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà bá yín lọ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, kó sì tẹ orí kejì kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì òjò ńlá, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ á purọ́ fún yín. Ẹ máa fi ọwọ́ tì í wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe lù ú. Bó bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó wá dúró ní sẹ̀ǹtímítà 18 tàbí 22, tí ẹ fi gbogbo ara lé e, tó sì já bọ́ lẹ́yìn ìka mélòó kan, ìpele líle nìyẹn. Bó bá ń ró gàràgàrà, taraa ni. Bó bá kàn ń le sí i díẹ̀díẹ̀ láìjá bọ́, amọ̀ àdánidá lẹ kàn, irin ìtúlẹ̀ kọ́ ló fà á. Ẹ ṣe é káàkiri oko, nínú pápá àti lẹ́bàá ibi tí katakata ti máa ń yípo, torí ìpele yìí kì í dọ́gba.

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà lè lo agolo mílìkì. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ kan kúrò, ẹ fi ìṣó lu ihò sí ìdí kejì kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Nínú kòtò, ẹ tẹ́ ojú ìpele tí ẹ fẹ́ wọ̀n, ẹ da ẹnu agolo dé ibẹ̀, ẹ gbé pákó lé e, ẹ fi òòlù gbá a wọlẹ̀ títí tí yóò fi kún. Ẹ hú u jáde, ẹ fi ọ̀bẹ gé ẹnu rẹ̀ dọ́gba, ẹ da èrùpẹ̀ náà sínú agbada, kí ẹ yan án lórí iná títí tí èéfín omi ò ní jáde mọ́. Ẹ wọn èrùpẹ̀ gbígbẹ yẹn, ẹ dí ihò ìṣó, ẹ bu omi kún agolo kan náà, ẹ wọn omi náà. Ẹ fi ìwọ̀n omi pín ìwọ̀n èrùpẹ̀. Bó bá jẹ́ 1.3 tàbí 1.4, ilẹ̀ rọ̀. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, gbòǹgbò á máa jìyà bó bá ti lé ní 1.6, ti ilẹ̀ alámọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi 1.5. Níbi tí taraa bá pọ̀, ẹ má ṣe gba nọ́ńbà yìí gbọ́, òkúta ló wúwo.

Bí ẹ bá rí ìpele líle, irin gígùn oníka kan tàbí méjì tí kì í yí ilẹ̀ dojú dé ni kí ẹ wá, èyí tó kàn ń la ìsàlẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kó kọjá abẹ́ ìpele náà ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òpin ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò rẹ̀, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ á fọ́, èyí tó tutù á kàn fàyè gba irin, á sì padà pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú irin yìí ṣọ̀wọ́n, katakata tó lè fà á kò sì pọ̀. Lójú tèmi, òtíli yá ju ìyẹn lọ fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tóbi. Gbòǹgbò rẹ̀ tó ń lọ tààrà sísàlẹ̀ lágbára láti la ilẹ̀ tó dì, bó bá sì kú, ọ̀nà tó là á ṣí sílẹ̀ fún àgbàdo tó tẹ̀ lé e. Kò yára, àmọ́ ẹ ó jẹ èso rẹ̀, ewé rẹ̀ á sì bo ilẹ̀.

Kí lẹ fẹ́ gbìn?

Àgbàdo àti ẹ̀wà kò béèrè púpọ̀. Bí kòtò bá fi hàn pé kò sí ìpele líle, tí pòròpórò sì wà lórí ilẹ̀, ẹ gbìn ín láìtú, tàbí kí ẹ fi ọkọ́ ro ó dé sẹ̀ǹtímítà 10 péré nítorí koríko. Koríko ẹkan nìkan ló lè mú kí n tú u jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Bí irin aláwo bá sì gé ìtàkùn náà sí wẹ́wẹ́ tí kò kó o sójú oòrùn, ṣe lẹ gbin ẹkan fún ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀gẹ́ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ iṣu rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50 àkọ́kọ́, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi wú sí. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó jinlẹ̀, ó ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Níbi tí taraa wà nítòsí, ẹ kọ ebè gbọọrọ fún un, ẹni tó máa hú u náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Iṣu ló fi hàn pé àwọn baba wa mọ ohun tí à ń sọ yìí. Wọn ò wá ìjìn sísàlẹ̀, òkè ni wọ́n kó o lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ebè: àgbẹ̀ á ha èrùpẹ̀ dúdú láti gbogbo àyíká, á kó o jọ sójú kan, kò ní bu ilẹ̀pa sí i. Bí ebè bá jìnnà síra ní mítà kan, èrùpẹ̀ òkè tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 12 láti ojú mítà kan níbùú-lóròó á tó ebè tó ga tó bíi 60. Èrùpẹ̀ tí kò tó ìjìn àtẹ́lẹwọ́ méjì ti di ilé tí iṣu ńlá lè gbé. Kò sí irin katakata tó lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé aporo tó kù kò ní èrùpẹ̀ dúdú mọ́, àgbàrá sì fẹ́ràn ibẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ da koríko sínú aporo, ẹ sì má gbàgbé láti fi ewé bo orí ebè kí oòrùn má bàa se èbù iṣu nínú ilẹ̀.

Ìrẹsì inú àkùrọ̀ yí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí padà. Ìpele líle tó ń pa àgbàdo ló ń dá omi dúró fún un. Ẹ má ṣe fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí irin bá dé

Ẹ bu èrùpẹ̀ láti ibi tí irin yóò dé, kì í ṣe láti ojú ilẹ̀, kí ẹ fún un mọ́wọ́. Bó bá di odidi, tó sì fọ́ nígbà tí ẹ fi àtàǹpàkò tì í, ó yá. Bó bá ń fà, tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ẹ dá katakata padà, bí awakọ̀ ò tilẹ̀ ní inú dídùn sí i. Ìtúlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹrẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìpele líle tí kò ní tán fún ọdún mélòó kan.

Lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́, ẹ dá awakọ̀ dúró, kí ẹ wọn ìjìn. Ojú ilẹ̀ tí kò tíì tú ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n dé ìsàlẹ̀ aporo. Èrùpẹ̀ tí a tú a máa wú sókè, ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti orí rẹ̀ á rò pé òun rí ìjìn tí òun kò rí. Ẹ ní kó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Háró ẹ̀ẹ̀kan tó, ẹ̀ẹ̀kejì ń sọ ilẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú. Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ túlẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ yí ìjìn padà: ọdún kan sẹ̀ǹtímítà 12, òmíràn 18, kí táyà àti irin má máa tẹ ojú kan náà.

Nígbà tí àgbàdo bá ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì hú ìdí márùn-ún káàkiri oko tìṣọ́ratìṣọ́ra, kí ẹ gbọn èrùpẹ̀ kúrò. Bí gbòǹgbò bá tàn sísàlẹ̀ yíká, ẹ lè dín ìjìn kù lọ́dún tó ń bọ̀ kí ẹ sì wò ó. Bí gbogbo wọn bá tẹ́ sójú kan, ẹ wọn ibẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí irin rọ́ọ̀dù sọ.